SMB, DLNA, NFS àti Jellyfin: Ìfiwéra ọ̀nà mẹ́rin tí fíìmù lè gbà láti inú kọ̀ǹpútà dé orí tẹlifíṣọ̀n

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó kún fún fíìmù, tó sì ní tẹlifíṣọ̀n ayélujára tàbí Android box nínú pálọ̀, kò nílò láti máa gbé flash káàkiri ilé. Bí àwọn ẹ̀rọ méjèèjì bá ti wà lórí ráútà kan náà, fíìmù lè gba orí Wi-Fi tàbí wáyà kọjá láti inú ọ̀kan sí èkejì, kò sì ní jẹ nínú dátà tí ẹ rà, nítorí pé kò jáde kúrò nínú ilé yín rárá. Ohun tó ń dá àwọn ènìyàn lágara ni pé gbogbo nǹkan á dà bí èyí tó ti pé, síbẹ̀ tẹlifíṣọ̀n kò ní rí kọ̀ǹpútà. Tàbí kó rí i, kó wá máa béèrè páásíwọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Tàbí kó wọlé tán, kí fíìmù máa dúró láàárín. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò: SMB àti NFS, ìlànà méjì tí kọ̀ǹpútà fi ń pín fódà fún ẹ̀rọ mìíràn; DLNA, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń gbé àkójọ fíìmù síwájú tẹlifíṣọ̀n; àti Jellyfin, áàpù tó ń sọ kọ̀ǹpútà di sáfà fíìmù.

Èrò mi ni pé púpọ̀ nínú wàhálà yìí kì í wá láti ara ẹ̀rọ tó bàjẹ́, bí kò ṣe láti ara ọ̀nà tí a yàn tí kò bá ẹ̀rọ ìwòran tó wà nílẹ̀ mu. Nítorí náà, n kò ní fi àwọn ọ̀nà mẹ́rin yìí wéra lórí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe dára tó nìkan. N ó tún fi wọ́n wéra lórí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe máa ń kọ̀ṣẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wọn ti máa ń hàn. Windows ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ níbi tí n kò bá ti dárúkọ òmíràn.

Ohun tó kan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Kò sí èyí tó lè ṣiṣẹ́ bí àwọn ẹ̀rọ méjèèjì kò bá lè rí ara wọn. Ẹ ṣí Command Prompt lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ ipconfig, kí ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ IPv4 Address sí. Nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀, bí àpẹẹrẹ 192.168.1.20, ni àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà yín nínú ilé. Ẹ wo ti tẹlifíṣọ̀n náà nínú Settings rẹ̀, lábẹ́ Network. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 192.168.1.20 tí èkejì sì jẹ́ 192.168.1.35, orí nẹ́tíwọ̀kì kan náà ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá jẹ́ 192.168.1.20 tí èkejì jẹ́ 192.168.8.101, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ráútà méjì ló wà nínú ilé, bóyá MiFi kan àti ráútà pálọ̀, tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì so mọ́ tirẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, a jẹ́ pé ráútà kò fún ẹ̀rọ yẹn ní àdírẹ́sì kankan; ẹ já a kúrò lórí nẹ́tíwọ̀kì, kí ẹ tún un so.

Wi-Fi àlejò tó wà lórí ọ̀pọ̀ ráútà náà máa ń fa ìdàrúdàpọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe é fún ni pé kí ẹ̀rọ àlejò má ṣe rí ẹ̀rọ onílé, nítorí náà bí tẹlifíṣọ̀n bá wà lórí rẹ̀, kò lè rí kọ̀ǹpútà láéláé. Àwọn ráútà kan àti àwọn MiFi kan tún ní ohun tí wọ́n ń pè ní AP Isolation, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà sí gbogbo ẹ̀rọ tó bá gun orí Wi-Fi; ẹ wọ inú ètò ráútà náà lọ, kí ẹ pa á. Bí VPN, ìyẹn áàpù tó ń darí íntánẹ́ẹ̀tì yín gba ibòmíràn, bá ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ pa òun náà nígbà tí ẹ bá ń dán nǹkan wò.

Èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò ju gbogbo rẹ̀ lọ ni bóyá Windows ka Wi-Fi ilé yín sí Public tàbí Private. Bó bá kà á sí Public, yóò hùwà bíi pé ilé ìtura ni ẹ wà: yóò fi ara rẹ̀ pamọ́ fún gbogbo ẹ̀rọ tó kù. Ẹ lọ sí Settings, Network & internet, kí ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi yín, kí ẹ sì yan Private network. Àwọn áàpù apa-kòkòrò (antivirus) tí wọ́n ní firewall tiwọn, ìyẹn ètò tó ń dí ọ̀nà mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, lè má tẹ̀ lé ìyípadà yìí, ẹ ó ní láti sọ ọ́ fún wọn lọ́tọ̀.

Bí ìtọ́sọ́nà kan bá ní kí ẹ dá HomeGroup sílẹ̀, ìyẹn ètò àtijọ́ tí Windows fi ń pín fáìlì nínú ilé, ẹ pa á tì. Microsoft ti yọ ọ́ kúrò nínú Windows 10 láti ọdún 2018.

Bí SMB àti DLNA ṣe yàtọ̀ síra

Àwọn méjèèjì yìí ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ra jù, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn kò jọra. Ká sọ pé búkà ni kọ̀ǹpútà: SMB jẹ́ kí oníbàárà wọ ilé ìdáná lọ bu oúnjẹ fúnra rẹ̀, DLNA ní kó jókòó, kó yan nínú ohun tí olóúnjẹ bá kà fún un. Ẹ̀rọ ìwòran tó ń lo SMB á rí gbogbo fódà àti fáìlì gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe tò wọ́n. Á rí fáìlì àkọlé ìsàlẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ bá ti fíìmù mu, á sì lè fò láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù dé ìparí rẹ̀ láìdúró. Ẹ̀rọ tó ń lo DLNA kò rí fódà yín. Àkójọ tí kọ̀ǹpútà ṣe fún un ló rí, fíìmù tí kọ̀ǹpútà kò bá sì mọ irú rẹ̀ lè má sí nínú àkójọ náà rárá.

Nítorí èyí, SMB ń fẹ́ ẹ̀rọ ìwòran tó gbọ́n, tó lè gbé oríṣiríṣi fíìmù jáde fúnra rẹ̀, bí Android box tí ẹ fi áàpù ìwòran bíi Kodi tàbí VLC sí. DLNA kò béèrè ọgbọ́n púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí sì nìyí tó fi wà nínú ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n Samsung, LG àti Sony láìjẹ́ pé ẹ fi áàpù kankan kún un. Lórí SMB, ẹ lè fi ọwọ́ tẹ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà bí tẹlifíṣọ̀n kò bá rí i. Lórí DLNA, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n kò fún yín láyè láti tẹ ohunkóhun: bí orúkọ kọ̀ǹpútà kò bá yọ, kò sí ẹnu ọ̀nà mìíràn.

Ibi tí SMB ti ń kọ̀ṣẹ́

SMB ni ìlànà tí Windows fi ń pín fódà. IBM ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní àwọn ọdún 1980 kí Microsoft tó sọ ọ́ di tirẹ̀, Samba, áàpù tí Andrew Tridgell bẹ̀rẹ̀ ní Australia, ló sì jẹ́ kí Linux àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké lè lò ó. Ọjọ́ orí rẹ̀ yìí wà lára ìṣòro rẹ̀, nítorí oríṣi rẹ̀ kò jẹ́ ọ̀kan. Inú SMB1, tó jẹ́ ti àtijọ́, ni kòkòrò WannaCry gbà tàn káàkiri ayé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, tó da iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn rú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìparí ọdún yẹn, nígbà tí Windows 10 oríṣi 1709 jáde, Windows tuntun kì í gbé SMB1 dání mọ́.

Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìwòran àtijọ́ tó jẹ́ SMB1 nìkan ló mọ̀ ni yóò fojú winá èyí. Ó ti ń wo fíìmù láìsí wàhálà, ó ra kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ̀rọ ìwòran kò sì wọlé mọ́, bó ti wù kó tún páásíwọ́ọ̀dù tẹ̀ tó. Ibì kan wà nínú Windows, tí wọ́n ń pè ní Turn Windows features on or off, tí ẹ ti lè dá SMB1 padà, ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà ló sì máa ń darí yín síbẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà kan náà tí ẹ fi ń wo fíìmù lẹ ń fi wọ báńkì yín, kò sì yẹ kí á tìtorí ẹ̀rọ ìwòran kan ṣí ilẹ̀kùn tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé àgádágodo rẹ̀ já. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní DLNA nínú; ẹ jẹ́ kó máa lo ìyẹn.

Bí SMB1 ṣe lọ ló mú ohun mìíràn lọ: àkójọ orúkọ kọ̀ǹpútà tó máa ń yọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí Kodi, tó tẹ Windows network (SMB), tó sì bá ibẹ̀ lófìfo, máa rò pé nǹkan ti bàjẹ́, kò sì sí ohun tó bàjẹ́. Ọwọ́ ni ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́. Nínú Kodi, ẹ lọ sí Videos, Files, Add videos, Browse, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé Add network location. Níbi Protocol, ẹ yan Windows network (SMB). Níbi Server name, ẹ tẹ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà, ìyẹn 192.168.1.20, níbi Shared folder, ẹ tẹ orúkọ tí ẹ fi pín fódà náà, ká ní Fiimu ni, kì í ṣe D:\Fiimu, lẹ́yìn náà ẹ tẹ orúkọ oníbàárà (username) àti páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ má fi àlàfo sínú orúkọ fódà tí ẹ bá pín, ẹ má sì fi àmì ohùn sí i. Yóò gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìyọnu níbi tí ẹ bá ti ń fi rìmóòtù tẹ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. PIN oní-nọ́ńbà mẹ́rin tí ẹ fi ń ṣí kọ̀ǹpútà kì í ṣe páásíwọ́ọ̀dù, orí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló ti wúlò, ẹ̀rọ mìíràn kò lè fi wọlé. Bí ẹ bá ń fi àkáǹtì Microsoft ṣí Windows, ímeèlì yín ni orúkọ oníbàárà, páásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì náà sì ni páásíwọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé rẹ̀ nítorí pé PIN ni wọ́n ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Bí kọ̀ǹpútà kò bá sì ní páásíwọ́ọ̀dù rárá, Windows kò ní gba ẹnikẹ́ni wọlé láti orí nẹ́tíwọ̀kì. Ọ̀nà tó mọ́ jù ni kí ẹ dá oníbàárà kan sílẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n nìkan: ẹ lọ sí Settings, Accounts, Other users, ẹ fi ẹnìkan kún un láìlo àkáǹtì Microsoft, kí ẹ pè é ní tv, kí ẹ sì fún un ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì tí ímeèlì yín wà nínú rẹ̀ kò ní tipa bẹ́ẹ̀ wà nínú Android box tí ẹnikẹ́ni lè gbé.

Lẹ́yìn èyí, àṣẹ méjì ló wà lórí fódà kan, ọ̀kan lábẹ́ Sharing, èkejì lábẹ́ Security, èyí tó bá le jù nínú méjèèjì sì ni Windows máa tẹ̀ lé. Ẹni tó bá fún tv láṣẹ ní apá Sharing tó gbàgbé Security yóò rí orúkọ fódà náà, ṣùgbọ́n kò ní lè ṣí i. Àṣẹ kíkà nìkan ti tó. Kò sí ìdí tí tẹlifíṣọ̀n fi gbọ́dọ̀ lè pa fíìmù yín rẹ́.

Báwo lẹ ṣe lè mọ èyí tó ń ṣe yín nínú gbogbo ìwọ̀nyí? Ẹ kíyè sí bí ó ṣe pẹ́ tó kí ẹ̀rọ náà tó sọ pé kò ṣeé ṣe. Bó bá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kó tó jáwọ́, kò débẹ̀ ni: àdírẹ́sì kò tọ̀nà, kọ̀ǹpútà ti sùn, tàbí firewall dí i. Bó bá kọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó débẹ̀, wọn kò gbà á wọlé ni, ẹ padà sí orúkọ, páásíwọ́ọ̀dù àti àṣẹ. Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà Windows kejì, ẹ ṣí PowerShell lórí rẹ̀, kí ẹ tẹ Test-NetConnection 192.168.1.20 -Port 445. Bí TcpTestSucceeded bá jẹ́ True, ọ̀nà ti là. Mo fẹ́ràn èyí ju ping lọ, ìyẹn àṣẹ tí a fi ń wò ó bóyá ẹ̀rọ kan ń dáhùn, nítorí firewall Windows lè kọ̀ láti dá ping lóhùn nígbà tí fódà tí ẹ pín ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Windows 11 oríṣi 24H2 tún fi ohun kan kún un: lórí Pro, ó ń fẹ́ kí ẹ̀rọ tó bá fẹ́ wọlé máa fọwọ́ sí gbogbo ohun tó ń kọjá, wọ́n ń pè é ní SMB signing. Ẹ̀rọ tó ń wọlé bí àlejò láìní páásíwọ́ọ̀dù kò lè ṣe èyí. Nítorí náà, ètò aláìní-páásíwọ́ọ̀dù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò tẹ́lẹ̀ lè dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí Windows bá ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ lóru, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan.

Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ohun méjì mìíràn wà. Bí iná bá lọ, ráútà á kú, nígbà tó bá sì jí, ó lè fún kọ̀ǹpútà ní àdírẹ́sì tuntun, kí Kodi wá máa kan ilẹ̀kùn 192.168.1.20 nígbà tí kọ̀ǹpútà ti wà ní 192.168.1.23. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Address Reservation sí nínú ètò ráútà, kí ẹ so àdírẹ́sì kan mọ́ kọ̀ǹpútà títí lọ. Kí ẹ sì rí i pé Random hardware addresses kò ṣiṣẹ́ lórí Wi-Fi yẹn, torí bó bá ń ṣiṣẹ́, ráútà lè máa ka kọ̀ǹpútà sí ẹ̀rọ tuntun. Èkejì ni pé kọ̀ǹpútà tó wà lórí bátìrì máa ń tètè sùn ju èyí tó wà lórí iná lọ. Ẹ yí àkókò tí yóò fi sùn padà fún méjèèjì.

Ibi tí DLNA ti ń kọ̀ṣẹ́

Sony àti Intel wà lára àwọn tó ṣe agbátẹrù ẹgbẹ́ DLNA lọ́dún 2003. Ẹgbẹ́ náà ti tú ká lọ́dún 2017, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ ṣì wà nínú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń tà lónìí. Títan rẹ̀ rọrùn: ẹ ṣí Control Panel, ẹ wá Media streaming options, ẹ tẹ Turn on media streaming, orúkọ àwọn ẹ̀rọ inú ilé á sì yọ, tí ẹ ó fi lè gba ọ̀kọ̀ọ̀kan láyè tàbí kí ẹ dí i.

Ìṣòro rẹ̀ tó tóbi jù ni bí ó ṣe ń wá ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n máa ń kígbe sí àdírẹ́sì kan tó jẹ́ ti gbogbo ẹ̀rọ, ìyẹn 239.255.255.250, ní pọ́ọ̀tù (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà) 1900, èyí tó bá gbọ́ á sì dáhùn. Ọ̀pọ̀ ráútà kì í bójú tó irú igbe bẹ́ẹ̀ dáadáa, pàápàá láàárín Wi-Fi àti wáyà. Àmì rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà á yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, á sì pòórá lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ wo inú ráútà bóyá IGMP Snooping, ètò tó ń pinnu ibi tí irú igbe yìí ń dé, wà níbẹ̀, kí ẹ pa á, kí ẹ tún un dán wò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi VLC sórí fóònù, kí ẹ ṣí ibi tí ó ti ń wo nẹ́tíwọ̀kì ilé. Bí fóònù bá rí kọ̀ǹpútà tí tẹlifíṣọ̀n kò sì rí i, ẹ yé da kọ̀ǹpútà láàmú. Tẹlifíṣọ̀n lẹ ó pa pátápátá, kí ẹ yọ ọ́ lára iná fún ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe pé kí ẹ fi rìmóòtù pa á lásán.

Èkejì ni pé Windows máa ń gbé kìkì ohun tó wà nínú Videos, Music àti Pictures rẹ̀ síta. Fíìmù tó bá wà ní D:\Fiimu kò ní hàn àyàfi tí ẹ bá fi fódà náà kún àkójọ Videos. Àkọlé ìsàlẹ̀ náà kò dánilójú lórí DLNA: tẹlifíṣọ̀n kan á gbé e jáde, òmíràn kò ní fura pé ó wà. Ẹni tó bá fẹ́ràn fíìmù Kòríà tàbí Íńdíà, tí kò lè ṣe láìka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, kó má gbẹ́kẹ̀ lé DLNA inú Windows. Universal Media Server, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ń ṣe iṣẹ́ kan náà jù ú lọ, ó sì lè yí fíìmù padà sí irú èyí tí tẹlifíṣọ̀n mọ̀.

DLNA kò ní páásíwọ́ọ̀dù. Nínú ilé tí ayálégbé bíi mélòó kan ti jọ ń lo ráútà kan, fídíò ìgbéyàwó yín àti ohun gbogbo tó bá wà nínú àkójọ náà lè hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ará ilé kejì. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, SMB tó ní páásíwọ́ọ̀dù ni kí ẹ yàn, bí ó tilẹ̀ gba iṣẹ́ díẹ̀. Nínú ilé tó jẹ́ ti ìdílé kan ṣoṣo, tí tẹlifíṣọ̀n kò sì gba áàpù, DLNA ti tó.

NFS

NFS ti ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems gbé jáde lọ́dún 1984 fúyẹ́ ju SMB lọ, ó sì ń yára lórí àwọn Android box tí agbára wọn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n Windows Home àti Pro kò lè fi í pín fódà fúnra wọn, nítorí náà bí kò bá jẹ́ pé Linux ló wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ fò ó. Àdírẹ́sì ẹ̀rọ ló fi ń mọ ẹni tó ń wọlé, kì í ṣe páásíwọ́ọ̀dù. Ohun kan tó ń da àwọn oní-Kodi láàmú níbẹ̀ ni pé Kodi máa ń kàn sí i láti pọ́ọ̀tù tó ga ju 1024 lọ, NFS kì í sì í gba irú rẹ̀ àyàfi tí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ náà insecure sí ìlà fódà yẹn nínú fáìlì /etc/exports. Ẹ kọ ọ́, ẹ tẹ exportfs -ra, yóò ṣí.

Jellyfin, àti Plex tó jọ ọ́

Jellyfin, tó ya kúrò lára Emby, sáfà fíìmù mìíràn, ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, kì í kàn án pín fódà lásán. Ó jẹ́ sáfà: á ka fódà yín, á wá àwòrán àti àlàyé fíìmù kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á rántí ibi tí bàbá wòó dé àti ibi tí àwọn ọmọ wòó dé, ó sì lè dí fíìmù àgbà mọ́ àwọn ọmọdé. Wíwá àwòrán yìí nìkan ló ń jẹ dátà díẹ̀. Plex ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kí ẹ ní àkáǹtì lọ́dọ̀ wọn. Jellyfin kò béèrè àkáǹtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí èyí tí ẹ bá dá fúnra yín, ìdí nìyí tí èmi fi fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Wíwá ìṣòro rẹ̀ rọrùn ju ti SMB lọ. Ẹ ṣí ẹ̀rọ awákiri (browser) lórí fóònù tó wà lórí Wi-Fi kan náà, kí ẹ tẹ 192.168.1.20:8096. Bí ojú ìwé Jellyfin bá ṣí, kò sí ohun tó ṣe nẹ́tíwọ̀kì yín. Bí kò bá ṣí, firewall ni ẹ ó kọ́kọ́ bi léèrè. Kò sí ọ̀rọ̀ SMB1, kò sí àṣẹ méjì lórí fódà kan, kò sí igbe sí 239.255.255.250 tí gbogbo nǹkan gbára lé.

Ohun tó ń ná yín ni agbára kọ̀ǹpútà. Bí tẹlifíṣọ̀n kò bá mọ irú fíìmù kan, ká ní HEVC, ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀, lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, Jellyfin á máa yí i padà bí ẹ ṣe ń wò ó. Kọ̀ǹpútà tí kò lágbára á gbóná, fáànù rẹ̀ á máa pariwo, fíìmù á sì máa dúró bí ẹni ń kólòlò. Lórí inverter, ẹ ó rí i bí bátìrì ṣe ń wálẹ̀. Nínú Dashboard, ẹ tẹ Playback, kí ẹ tan hardware acceleration (tó ń jẹ́ kí apá kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún fídíò ṣe iṣẹ́ náà) tó bá ti kọ̀ǹpútà yín mu, bíi Intel QuickSync. SMB kò ní ìṣòro yìí nítorí pé kò yí ohunkóhun padà. Bí ó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan àti ẹni kan ṣoṣo ló ń wò, Jellyfin pọ̀ jù fún iṣẹ́ náà. Bí tẹlifíṣọ̀n bá tó méjì sí mẹ́ta, tí àwọn ọmọ sì wà nílé, n kò rí èyí tó tó o nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bí fíìmù bá ṣí, ṣùgbọ́n tó ń dúró tàbí tí kò dún

Àwọn ènìyàn máa ń pààrọ̀ ọ̀nà nígbà tí fíìmù bá ń dúró, wọ́n á kúrò lórí SMB bọ́ sórí DLNA, kó sì máa dúró síbẹ̀síbẹ̀. Ìwọ̀n fíìmù Blu-ray kò kọjá 40 Mbps fún àwòrán rẹ̀, fíìmù 1080p tí a máa ń rí kiri sì kéré sí èyí gan-an, nítorí náà wáyà 100 Mbps tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ti tó wọn. Fíìmù 4K tí wọ́n dà kọ láti inú díísìkì nìkan ló lè kọjá rẹ̀, torí òun lè dé 128 Mbps. Wi-Fi ni kí ẹ fura sí. Bí kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n bá jọ wà lórí Wi-Fi, ẹ̀ẹ̀mejì ni fíìmù ń gba afẹ́fẹ́ kọjá, láti kọ̀ǹpútà sí ráútà, àti láti ráútà sí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ fi wáyà so ọ̀kan nínú wọn mọ́ ráútà, èyí tó bá sún mọ́ ọn jù, ìdajì ẹrù náà á sì kúrò nínú afẹ́fẹ́. Bí kò bá sí wáyà, ẹ gbé àwọn méjèèjì sórí 5 GHz, 2.4 GHz ni gbogbo ará àdúgbò ń dù.

Nígbà tí ẹ kò bá mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ̀kì tàbí fíìmù ló lẹ́jọ́, ibi yìí ni flash ti wúlò. Ẹ da fíìmù náà kọ sórí rẹ̀, kí ẹ fi flash náà sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tàbí Android box náà gan-an. Bí fáìlì náà bá ju 4 GB lọ tí flash sì jẹ́ FAT32, kò ní gbà á. Ẹ sọ ọ́ di exFAT tàbí NTFS, gẹ́gẹ́ bí èyí tí tẹlifíṣọ̀n yín bá mọ̀. Bí fíìmù bá tún ṣe bákan náà lórí flash, kò sí ìyípadà tí ẹ lè ṣe sí ráútà tí yóò tán an.

Àwòrán tó ń lọ láìní ohùn wà lára irú èyí. Samsung ti yọ DTS, ọ̀kan lára irú ohùn tí wọ́n ń fi sínú fíìmù, kúrò nínú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ láti ọdún 2018. LG náà yọ ọ́ lọ́dún 2020, kó tó dá a padà sínú àwọn kan lọ́dún 2023. Fíìmù tó jẹ́ DTS nìkan ni ohùn rẹ̀ á dákẹ́ kẹ́kẹ́ lórí irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá gbé e wá lórí DLNA, ṣùgbọ́n Kodi tàbí VLC lórí Android box máa ń tú ohùn náà fúnra rẹ̀, Jellyfin náà á sì yí ohùn nìkan padà láìfọwọ́ kan àwòrán, iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára pàápàá lè ṣe. Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn, ẹ tẹ bọ́tìnnì Audio lórí rìmóòtù, kí ẹ wò ó bóyá ohùn kejì tó jẹ́ AC3 tàbí AAC wà nínú fíìmù náà.